Etí Ẹran Tí Wọ́n Gé: Ọ̀nà Wo Ni Kí Wọ́n Fi Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Wọ́n Tó Rán Ojú Abẹ Ọmú?

Fún ọ̀pọ̀ obìnrin tó ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú, abẹ àkọ́kọ́ kọ́ ló dùn wọ́n jù. Ìpè tó tẹ̀ lé e ni. Ojú abẹ ti ń jinná, ọkàn ti ń balẹ̀, wọ́n ti ń múra sílẹ̀ fún ìtọ́jú onítànṣán, ni ilé ìwòsàn bá pè pé èsì ti dé, pé etí ẹran tí wọ́n gé kò mọ́, pé kí wọ́n padà wá. Nínú àwọn tí wọ́n yọ kókó nìkan fún, tí wọn ò gé ọmú wọn lódindi, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló ń padà sórí tábìlì. Iye yìí ń yàtọ̀ gan-an láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn, kódà láti ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ kan sí ọwọ́ ẹnì kejì nínú ilé ìwòsàn kan náà.

Kí la ń pè ní etí? Ẹni tó bá ń wú èpò tó fẹ́ kó tán kì í fa ewé rẹ̀ já lásán. Ó máa ń wú u pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníṣẹ́ abẹ ṣe ń gé ẹran tó dára díẹ̀ yí kókó jẹjẹrẹ ká, tí yóò kó gbogbo rẹ̀ jáde pọ̀. Ojú ìta ẹran yẹn, níbi tí ọ̀bẹ gbà, ni etí. Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá wà lójú ibi tí ọ̀bẹ gbà, a jẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè wà ní òdìkejì, nínú ọmú tí wọ́n ti rán pa.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ló wà láti yẹ etí yìí wò nígbà tí aláìsàn ṣì ń sùn nínú tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, kí ìpè ìgbà kejì má baà wáyé. Wọn ò dọ́gba. Èyí tó yára lè má jinlẹ̀, èyí tó rí èérún kálísíọ́mù, àwọn àmì funfun wínníwínní tó máa ń bá jẹjẹrẹ rìn, lè má rí sẹ́ẹ̀lì, èyí tí ilé iṣẹ́ ń pariwo rẹ̀ jù lè má ṣe tó ohun tí ọ̀bẹ lásán ṣe. Mo ti ní èrò tèmi lórí èyí tí mo fẹ́ràn, ẹ ó sì rí i bí a ṣe ń lọ.

Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń pe etí ní mímọ́

Ẹ jẹ́ kí a ti ibí bẹ̀rẹ̀, torí pé òun ló máa sọ irinṣẹ́ tó yẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oníṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹnì kan á ní àfi kí àyè ìwọ̀n kan pàtó wà láàárín jẹjẹrẹ àti etí, ẹlòmíràn á fi ìlọ́po rẹ̀ kún un. Àwọn obìnrin kan padà sínú tíátà torí etí tí dókítà mìíràn ì bá ti pè ní mímọ́.

Lọ́dún 2014, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, SSO, àti ẹgbẹ́ àwọn dókítà onítànṣán, ASTRO, jọ wo ìwádìí 33 tó kó obìnrin 28,162 pọ̀. Wọ́n rí i pé bí jẹjẹrẹ bá fara kan etí, ewu pé yóò tún yọ nínú ọmú kan náà ń di ìlọ́po méjì, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé bí etí bá ti mọ́, fífẹ̀ ẹ́ sí i kò dín ewu náà kù mọ́. Nítorí náà wọ́n fi ìlànà lélẹ̀: fún jẹjẹrẹ tó ti wọ inú ẹran, tí wọ́n máa fi ìtànṣán tọ́jú gbogbo ọmú lẹ́yìn abẹ, ó tó bí tàdáwà kò bá ti kan jẹjẹrẹ. Tàdáwà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí torí pé wọ́n máa ń fi í kun ojú ìta ẹran náà kí wọ́n tó là á. Ibi tí àwọ̀ bá wà lábẹ́ máíkíróskóòpù ni etí.

Lọ́dún 2016, wọ́n fa ìlà tó yàtọ̀ fún DCIS, ìyẹn jẹjẹrẹ tí kò tíì fọ́ ọ̀pá wàrà jáde. Ìwádìí 20 tó kó obìnrin 7,883 pọ̀ ni wọ́n gbé e kà, wọ́n sì ní kí àyè tó jẹ́ mìlímítà 2 wà. DCIS máa ń rìn nínú ọ̀pá wàrà, ó sì lè fo ibì kan kó tó tún yọ níwájú.

Ẹ fi ìlà méjì yìí sọ́kàn. Irinṣẹ́ tó jẹ́ pé ojú ìta nìkan ló ń kà lè dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé jẹjẹrẹ wà létí? Kò lè dáhùn èkejì: báwo ló ṣe jìnnà sí etí tó? Ọ̀pọ̀ ìpolówó kì í sọ èyí.

Àyẹ̀wò tí gbogbo ọ̀nà yòókù ń sún mọ́

Lẹ́yìn abẹ, ẹran náà ń lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò, ìyẹn patọ́lọ́jíìsì. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú fọ́máàlìnì, wọ́n á bò ó mọ́ inú ìda, wọ́n á là á ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á pa á láró, wọ́n á sì fi máíkíróskóòpù wò ó. Ó ń gba ọjọ́ mélòó kan, nígbà mìíràn ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Èsì yìí ni ìdájọ́ ìkẹyìn. Kò sí ọ̀kankan nínú ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ tó gba ipò rẹ̀, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé ẹ̀rọ òun ti mú kó di aláìwúlò ń tàn yín.

Síbẹ̀, àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí patọ́lọ́jíìsì yàn nìkan ló ń rí. Ó dà bí ẹni tó ṣí ìwé ńlá sí ojú ewé mélòó kan tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè wà. Ojú ewé tí kò ṣí lè ní nǹkan nínú.

Ohun kan tún wà tí kò náni ní nǹkan, tí àṣìṣe rẹ̀ sì ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: mímọ apá tí ẹran náà kọ sí. Kí ó tó kúrò lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ, ó ti gbọ́dọ̀ fi òwú sàmì sí i, ó sábà ń jẹ́ òwú kúkúrú fún apá òkè, òwú gígùn fún apá ẹ̀gbẹ́. Àwọn mìíràn ń kun ẹ̀gbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní àwọ̀ mẹ́fà nínú tíátà. Bí èyí bá dàrú, patọ́lọ́jíìsì lè sọ pé etí kan kò mọ́ kó má sì sí ẹni tó mọ ibi tó yẹ kí wọ́n tún gé. Ọmú fúnra rẹ̀ rọ̀, ẹran tó jáde nínú rẹ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí wọ́n bá ti gbé e kalẹ̀, etí tó jìnnà sí kókó nínú ara á wá dà bíi pé ó sún mọ́ ọn.

Dídì ní yìnyín tàbí títẹ̀ mọ́ gíláàsì

Àwọn méjì yìí ló ń wo sẹ́ẹ̀lì gan-an nínú tíátà, nítorí náà ó bójú mu láti gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n á gé díẹ̀ lára etí, wọ́n á mú un dì gbagidi nínú ẹ̀rọ tó tutù tó nǹkan bí ìwọ̀n 20 lábẹ́ òdo, wọ́n á là á fẹ́lẹ́, wọ́n á pa á láró. Patọ́lọ́jíìsì á wò ó, á sì dá oníṣẹ́ abẹ lóhùn láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ọ̀rá ni wàhálà rẹ̀. Ọmú kún fún ọ̀rá, ọ̀rá kì í sì í dì dáadáa ní ìwọ̀n òtútù tí ẹran yòókù fi ń dì. Ọ̀bẹ á máa yọ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á máa fà ya. Ibi tí wọ́n bá sì ti lò fún dídì, kò ṣeé lò bí ti tẹ́lẹ̀ fún àyẹ̀wò ìkẹyìn mọ́. Bí kókó bá kéré, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Nínú ti èkejì, wọn kì í gé nǹkan kan. Wọ́n á tẹ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ẹran náà mọ́ gíláàsì pẹlẹbẹ. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ọ̀rá kì í lẹ̀. Wọ́n á pa gíláàsì náà láró, wọ́n á sì kà á. Ó yára ju dídì lọ, ẹran náà sì wà lódindi fún àyẹ̀wò ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n ojú ìta nìkan ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí jẹjẹrẹ bá wà ní mìlímítà kan sí etí, gíláàsì ò ní mọ̀. Kò sì lè sọ bóyá sẹ́ẹ̀lì tó rí jẹ́ ti DCIS tàbí ti jẹjẹrẹ tó ti wọ inú ẹran. Ẹni tó ń kà á gbọ́dọ̀ ti fi ojú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa, nítorí sẹ́ẹ̀lì tó gbẹ tàbí tó bà jẹ́ lórí gíláàsì lè jọ jẹjẹrẹ.

Ní ti bí èsì wọn ṣe péye tó, àwọn méjèèjì sún mọ́ra. Nínú àtúpalẹ̀ kan tí àwọn olùwádìí Imperial College London gbé jáde lọ́dún 2017, dídì ní yìnyín rí nǹkan bí 86 nínú 100 etí tó ní jẹjẹrẹ, ó sì pe 96 nínú 100 etí tó mọ́ ní mímọ́. Títẹ̀ mọ́ gíláàsì rí nǹkan bí 91, ó sì dá 95 láre. Nọ́ńbà ọ̀hún dára, àmọ́ àwọn ibi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà dunjú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ ìwádìí rẹ̀ jáde.

Àpẹẹrẹ tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí ni Mayo Clinic ní ìlú Rochester, Amẹ́ríkà, níbi tí yàrá patọ́lọ́jì ti wà nítòsí tíátà tí wọ́n sì ti ń fi yìnyín yẹ etí ọmú wò bí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n fi ara wọn wé àwọn ilé ìwòsàn yòókù ní orílẹ̀-èdè náà, àwọn aláìsàn tó padà fún abẹ kejì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ 3.6 nínú 100 lọ́dọ̀ tiwọn, 13.2 nínú 100 níbòmíràn. Ìyàtọ̀ ńlá ni. Ẹ̀rọ yìnyín nìkan kọ́ ló mú un wá o. Gbogbo ètò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ṣe é: patọ́lọ́jíìsì tó jókòó dè wọ́n, òṣìṣẹ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń la ọ̀rá tó dì, oníṣẹ́ abẹ tó mọ ohun tí ìdáhùn wọn túmọ̀ sí. Ilé ìwòsàn tó ra ẹ̀rọ náà láìní èèyàn rẹ̀ ra àpótí yìnyín lásán.

Èmi á yan dídì bí ètò bẹ́ẹ̀ bá wà nílẹ̀ tó sì ti pẹ́. Bí kò bá sí, títẹ̀ mọ́ gíláàsì lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kà sàn ju dídì lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣe é rí ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

X-ray tàbí sìkáànù

Àwọn méjì yìí kì í wo sẹ́ẹ̀lì. Òjìji àti ìrísí ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ káàkiri, wọn ò sì ní kí patọ́lọ́jíìsì wà ní ìjókòó.

Wọ́n á gbé ẹran tó jáde sínú àpótí X-ray kékeré, àwòrán á yọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á yà á láti apá méjì, wọ́n á fi wé mámógíráàmù, ìyẹn X-ray ọmú, tí wọ́n yà kí abẹ tó wáyé. Iṣẹ́ tó dára jù níbi tí X-ray yìí ti ń ṣiṣẹ́ ni ibi tí wọ́n ti rí jẹjẹrẹ nípasẹ̀ èérún kálísíọ́mù funfun wínníwínní tí ọwọ́ kò lè bà. Oníṣẹ́ abẹ fẹ́ mọ̀: ṣé èérún yẹn ti jáde tán? Ṣé àmì kékeré tí wọ́n fi síbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ẹran fún àyẹ̀wò wà nínú ohun tí mo gé? X-ray dáhùn èyí kánmọ́kánmọ́. Ṣùgbọ́n DCIS tí kò ní èérún kò ní yọ lójú rẹ̀, ẹran tó tẹ́ pẹrẹsẹ sì ń tàn án jẹ. Nínú àtúpalẹ̀ ọdún 2017 yẹn, nǹkan bí 53 péré nínú 100 etí tó ní jẹjẹrẹ ló rí. Ká sòótọ́, ìdajì nìyẹn.

Ultrasound, sìkáànù tí wọ́n fi ń wo aboyún, kò gba nọ́ńbà tó ta yọ púpọ̀ nínú àtúpalẹ̀ kan náà, 59 nínú 100. Ibi tí mo ti ń gbèjà rẹ̀ ni pé iṣẹ́ rẹ̀ tó dára jù kì í ṣe yíyẹ ẹran tó ti jáde wò. Ó dára jù nígbà tí ọ̀bẹ ṣì ń lọ. Oníṣẹ́ abẹ á gbé e lé ọmú, á rí kókó, á fà ìlà tí yóò gé, á gé díẹ̀, á tún gbé e padà wò bóyá ó ń sún mọ́ kókó jù. Nínú ìwádìí COBALT ní ilẹ̀ Netherlands, tó jáde lọ́dún 2013, wọ́n pín obìnrin 134 tí ọwọ́ lè ba kókó wọn sí ọ̀nà méjì. Láàárín àwọn tí oníṣẹ́ abẹ fi ọwọ́ tọ́ ọ̀bẹ, 12 nínú 69 ni etí wọn kò mọ́. Láàárín àwọn tí sìkáànù tọ́ ọ̀bẹ, 2 nínú 65 ni. Ẹran tí wọ́n gé lára àwọn ti sìkáànù tún kéré jù, ohun tó túmọ̀ sí pé ìrísí ọmú kò bà jẹ́ tó ti àwọn yòókù.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sọ pé ó sàn kí ọ̀bẹ má ṣìnà ju kí wọ́n wá bá a ṣírò ibi tó ti ṣìnà. Àmọ́ kókó tí sìkáànù kò bá rí, tí èérún nìkan ló fi hàn, kò sí ohun tó lè ṣe fún un. X-ray ló kù.

Gígé kún un: ohun tí kò nílò ẹ̀rọ

Ọ̀nà yìí kì í wà nínú ìpolówó ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí oníṣẹ́ abẹ bá ti yọ kókó tán, tó rò pé iṣẹ́ ti parí, á tún fá ẹran fẹ́lẹ́ kan kúrò lára ògiri ihò tó ṣẹ́kù nínú ọmú, yí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká. Etí tuntun nìyẹn. Bí ti tẹ́lẹ̀ bá tilẹ̀ ní jẹjẹrẹ, ó ṣeé ṣe kí ti tuntun mọ́.

Ìwádìí tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ wáyé ní yunifásítì Yale, ó sì jáde lọ́dún 2015. Obìnrin 235 ni. Oníṣẹ́ abẹ á parí iṣẹ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ṣí àpòòwé tó máa sọ bóyá kó fá a tàbí kó má fá a, kí ó má baà yí ọwọ́ rẹ̀ padà tẹ́lẹ̀. Etí tí kò mọ́ jẹ́ 34 nínú 100 láàárín àwọn tí wọn ò fá, 19 láàárín àwọn tí wọ́n fá. Àwọn tó padà fún abẹ kejì jẹ́ 21 nínú 100 àti 10 nínú 100. Àwọn obìnrin náà kò sì rí ìyàtọ̀ nínú bí ọmú wọn ṣe rí lójú ara wọn.

Ó dín abẹ kejì kù ní ìdajì, ọ̀bẹ kan náà tó wà lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe é. Mo ń retí ìgbà tí ẹ̀rọ olówó ńlá kan máa ṣe tó bẹ́ẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń fá ihò fún, títí kan àwọn tí etí wọn ti mọ́. Bí ọmú bá kéré tí kókó sì tóbi, ẹran fẹ́lẹ́ yẹn lè pọ̀ lójú. Iṣẹ́ sì ń pọ̀ fún patọ́lọ́jíìsì, torí àpò mẹ́rin sí mẹ́fà á tún dé sórí tábìlì rẹ̀.

Àwọn ẹ̀rọ tuntun

Ilé iṣẹ́ Dune Medical Devices ní Ísírẹ́lì ló ṣe MarginProbe, irinṣẹ́ tó dà bíi kálàmù ńlá. Wọ́n á fi ẹnu rẹ̀ kan etí, yóò rán ìgbì rédíò sínú rẹ̀, yóò sì sọ bóyá ó rí bíi ti jẹjẹrẹ tàbí bíi ti ẹran tó dára. FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i ní ìparí ọdún 2012. Nínú ìwádìí ńlá rẹ̀, tó kó obìnrin 596, ìpadà sí tíátà lọ sílẹ̀ láti 25.8 nínú 100 sí 19.8. Ó dára, àmọ́ ẹ̀rọ náà ń ké ariwo púpọ̀: ju ìdajì etí tó mọ́ lọ ló pè ní aláìmọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé oníṣẹ́ abẹ máa ń gé kún un níbi tí kò nílò gígé. Bí ẹ bá fi í sí ẹ̀gbẹ́ fífá ihò lásán, ṣé ẹ rí i bí ìṣirò ṣe ń lọ?

Èyí tó ń mú mi ronú jù ni ti Lumicell, tí FDA fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Kì í ṣe ẹran tó ti jáde ló ń wò. Inú ihò tó ṣẹ́kù nínú ọmú ló ń wò, ibi tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni jẹjẹrẹ lè kù sí. Wọ́n á fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ oògùn kan tó ń jẹ́ Lumisight ní wákàtí 2 sí 6 ṣáájú. Oògùn náà ń tàn nígbà tí àwọn ẹ́ńsáìmù tó pọ̀ lára jẹjẹrẹ bá gé e, kámẹ́rà kékeré tí wọ́n tì bọ inú ihò á sì rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Nínú ìwádìí tó mú un gba àṣẹ, wọ́n rí jẹjẹrẹ tí abẹ ti fi sílẹ̀ nínú obìnrin 27 lára 357. Ẹni 27 yìí ni wọn ì bá ti rán pa pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì jẹjẹrẹ tó ṣẹ́kù ni kò rí. Oògùn náà tún ní ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ tí FDA ń fi sára oògùn, nítorí ó ti mú kí ara àwọn kan kọ̀ ọ́ lọ́nà tó lè gba ẹ̀mí. Ẹni tí ara rẹ̀ ti kọ oògùn rí gbọ́dọ̀ sọ fún wọn kí wọ́n tó gbé abẹ́rẹ́.

iKnife, ọ̀bẹ oníná tí Zoltan Takats àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Imperial College London ṣe, ń fa èéfín tó ń jáde lára ẹran tó ń jó, ẹ̀rọ kan á sì tú èéfín náà wò láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, á sọ bóyá jẹjẹrẹ ni. Èrò tó gún régé ni, torí pé ìdáhùn ń dé bí ọ̀bẹ ṣe ń lọ. Ọ̀pọ̀ tíátà kò tíì ní i, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó dá abẹ dúró torí rẹ̀. Ti OCT, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ yàwòrán ẹran wọ inú tó nǹkan bíi mìlímítà 2, ni mo rò pé DCIS máa jàǹfààní rẹ̀ jù lọ́jọ́ iwájú, nítorí mìlímítà 2 gan-an ni ìlà DCIS.

Kókó tiyín ni kó yan irinṣẹ́

Bí ọwọ́ bá lè ba kókó náà tí sìkáànù sì rí i kedere, èmi á bèèrè fún oníṣẹ́ abẹ tó ń fi sìkáànù tọ́ ọ̀bẹ, tó sì ń fá ihò lẹ́yìn rẹ̀. Méjèèjì jọ ń bá ara wọn ṣiṣẹ́.

Bí ó bá jẹ́ DCIS tí èérún kálísíọ́mù fi hàn, X-ray nínú tíátà kò ṣeé yọ sílẹ̀, kí fífá sì tẹ̀ lé e. Títẹ̀ mọ́ gíláàsì kò ní sọ ohunkóhun fún yín nípa mìlímítà 2.

Jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní lobular le díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan bí èèrà, kì í di kókó gbagidi, nítorí náà sìkáànù àti X-ray máa ń fojú kéré ibi tó dé. Kódà lórí gíláàsì àti nínú yìnyín, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré, ó sì ń fara pa mọ́. Ẹni tó ní irú èyí, kí ó gbọ́ ọ látẹnu oníṣẹ́ abẹ ṣáájú pé abẹ kejì ṣeé ṣe, kí ó má baà dà bí ìjàǹbá nígbà tó bá dé.

Àwọn tó ti gba oògùn kẹ́mò, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, kí abẹ tó dé náà yàtọ̀. Kókó lè ti súnkì, nígbà mìíràn bí èyí tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ káàkiri. Ibi tí àmì wà ló ń darí ọ̀bẹ níbẹ̀, X-ray sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé àmì náà ti jáde.

Ìbéèrè tí mo rò pé ó ju gbogbo ẹ̀rọ lọ ni pé kí ẹ bi oníṣẹ́ abẹ yín pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ó ṣe irú abẹ yìí fún, mélòó ló padà? Dókítà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ á mọ ìdáhùn. Bí ẹ bá rí ẹni tó bínú sí ìbéèrè yẹn, ìyẹn náà jẹ́ ìdáhùn. Ẹ tún bèèrè bí wọ́n ṣe ń sàmì sí ẹran náà, ìlà wo ni wọ́n ń lò fún irú jẹjẹrẹ tiyín, àti pé bí àyẹ̀wò inú tíátà bá ní kí wọ́n gé sí i, ṣé ẹ ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀, nítorí ẹ ó máa sùn nígbà náà.

Bí etí kò bá mọ́ síbẹ̀

Ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á tún gé apá tó ní jẹjẹrẹ nìkan. Ìyẹn ló jẹ́ kí òwú àti àwọ̀ tí mo sọ lókè ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ abẹ kejì, patọ́lọ́jíìsì kì í rí jẹjẹrẹ kankan mọ́ nínú ẹran tuntun náà. Bí etí púpọ̀ bá ní jẹjẹrẹ, tàbí tí DCIS bá gba ibi púpọ̀ nínú ọmú, wọ́n lè dábàá gígé ọmú lódindi. Ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù sáré mú yín yan èyí. Àwọn ìwádìí ńlá méjì tí Bernard Fisher darí ní Amẹ́ríkà àti èyí tí Umberto Veronesi darí ní Ítálì, tí èsì ogún ọdún wọn jáde lọ́dún 2002, fi hàn pé àwọn obìnrin tí wọ́n yọ kókó nìkan fún, tí wọ́n sì fi ìtànṣán tọ́jú, kò kú ju àwọn tí wọ́n gé ọmú wọn lọ.

Ìtànṣán kì í bẹ̀rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ etí á fi yanjú. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn lọ́jọ́ abẹ àkọ́kọ́, ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ tí èsì patọ́lọ́jì máa dé àti orúkọ ẹni tó máa pè yín.